Awò Tó Ń Fún Ojú Lóògùn

Ẹ sún mọ́ iná, kí ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ mi. Nígbà tí à ń jẹun, Àjọkẹ́ bi mí léèrè pé ṣé òótọ́ ni ohun tí òun gbọ́, pé awò kan wà tí wọ́n ń fi sórí ẹyinjú gan-an, tí awò náà ń fún ojú lóògùn látàárọ̀ dalẹ́ láìsí ẹni tó kán nǹkan kan sí i. Mo ní òótọ́ ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ ti rẹ́rìn-ín tán, ẹ wá gbọ́. Ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe àlọ́ ìjàpá. Mo mọ ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, mo mọ ọdún rẹ̀, mo sì mọ orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀.

Prague ni ìlú náà, ní ilẹ̀ Czechoslovakia àtijọ́. Otto Wichterle ni ọkùnrin náà ń jẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Nígbà ogun Hitler, àwọn Gestapo, ọlọ́pàá Hitler, mú un, wọ́n tì í mọ́lé. Ogun parí, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn Kọ́múníìsì gba ìjọba, nígbà tó sì di 1958 àwọn náà lé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń kọ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ṣùgbọ́n ohun kan ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti 1952. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́dún náà, ó jókòó ti ẹnì kan tó ń ka ìwé àwọn oníṣègùn, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń fi irin tún ojú tó bàjẹ́ ṣe. Wichterle ní irin kọ́ ló yẹ kó wọ ojú èèyàn. Omi ló pọ̀ jù lára wa. Ohun tó bá máa bá ojú gbé láìjà, ó yẹ kí omi pọ̀ lára tirẹ̀ náà.

Òun àti ẹnì kejì rẹ̀, Drahoslav Lím, bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ike tuntun kan ni wọ́n rí ṣe. Tó bá gbẹ, ó le, ó sì ń dán. Tí wọ́n bá jù ú sómi, á mumi, á wú, á rọ̀, bí gààrí ṣe ń ṣe nínú abọ́. Gààrí á fọ́n ká ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ike yìí á wà lódindi, á mọ́ gaara débi pé èèyàn lè gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ kó máa rí gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀. Nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, bíi 38 ló jẹ́ omi. Lọ́dún 1960 wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature, kí gbogbo ayé lè kà á.

Kó tó dìgbà náà, lẹ́ǹsì tí wọ́n ń fi sójú wà o, ṣùgbọ́n ìyà ni. Dókítà kan tó ń jẹ́ Adolf Fick, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Zürich, ròyìn tirẹ̀ lọ́dún 1888. Dígí gidi ni. Ó tóbi, ó wúwo, ó bo gbogbo iwájú ojú. Tó bá ti tó wákàtí mélòó kan, ẹni tó wọ̀ ọ́ á fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kíá.

Wichterle fẹ́ fi ike olómi yẹn ṣe lẹ́ǹsì rírọ̀. Kò rọrùn. Bí wọ́n bá da oje rẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù, tí wọ́n dé e, etí lẹ́ǹsì á máa ya nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Nígbà tó di 1961, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Kò bá wọn jà. Ó gbé e lọ sílé. Àsìkò Kérésìmesì ni. Ó kó ohun ìṣeré ọmọ rẹ̀ jọ sórí tábìlì ilé ìdáná, èyí tí wọ́n ń pè ní Merkur: àwọn irin pẹlẹbẹ oníhò tí ọmọdé ń fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì so pọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ mọ́tò àti afárá. Ó fi wọ́n kọ́ ẹ̀rọ kan, ó fi dínámò iná kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó fi tiransifọ́mà aago ẹnu-ọ̀nà fún un ní iná. Ó wá da oje ike náà sínú àwọn abọ́ bíńtín, ó ní kí wọ́n máa yí bírí. Bí abọ́ ṣe ń yí, oje ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, àárín ń jìn, etí ń tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń dì bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́ǹsì mẹ́rin ti jáde. Ó fi sí ojú ara rẹ̀. Agbára awò náà kò bá ojú rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò gún un, kò ta á.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé ohun ìṣeré wọn ń dí ilé, ẹ rọra o. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Linda, ló jọ ń fọwọ́ ara wọn ṣe é lẹ́yìn ìyẹn. Láàárín oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú 1962, lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe lé ní 5,000. Wọ́n ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà; lọ́dún 1971 ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí lẹ́ǹsì rírọ̀ tí ilé iṣẹ́ Bausch & Lomb ń ṣe, ó sì tàn ká ayé. Owó tó kan Wichterle nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí.

Ohun tó mú mi pe gbogbo yín wá síbi iná nìyí. Nínú ìwé àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún Wichterle lórí ike yìí lọ́dún 1965, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn lè yo oògùn sínú omi tó wà lára rẹ̀, kí oògùn náà máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún àkókò gígùn. Lọ́dún 1965! Ọdún 2022 ni ìjọba Amẹ́ríkà yìí kan náà tó fọwọ́ sí lẹ́ǹsì olóògùn àkọ́kọ́ kí wọ́n máa tà á. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Àjọkẹ́ ní, "Bàbá, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kí ló wá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Omijé ni, ọmọ mi. Mú ìgò kékeré orí fèrèsé yẹn wá. Timolol ni wọ́n ń pè é. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń kán an, nítorí gúlúkómà, àrùn tí omi inú ẹyinjú kì í rí ọ̀nà jáde dáadáa, tí inú ojú á máa le sí i, tí iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ wò mí dáadáa. Mo gbé orí sẹ́yìn, mo fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, mo tẹ ìgò. Ó bọ́ sí i. Mo ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rí i? Ó ti ń ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú kan sí i, ẹnu mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í korò.

Kí ló kan ẹnu nínú oògùn ojú? Ẹ mú dígí, ẹ wo igun ojú yín tó sún mọ́ imú. Ẹ ó rí ihò bíńtín létí ìpéǹpéjú, bíi kí wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ gún un. Ibẹ̀ ni omijé ń gbà lọ sí imú, tó fi ń dé ọ̀nà ọ̀fun. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò parọ́ rárá. Omijé kì í dúró lójú kan, tuntun ń jáde, àtijọ́ ń lọ, ohunkóhun tó bá sì bọ́ sójú, eruku ni o, kòkòrò ni o, oògùn ni o, ó ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ojú kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́.

Tí wọ́n bá pín mìlílítà kan sí ọ̀nà 1,000, omijé tó wà lójú èèyàn nígbàkígbà kò ju bíi 7 sí 10 lọ nínú rẹ̀. Ẹ̀kán kan láti inú ìgò yìí tó 30 sí 50. Ibo ni ìyókù máa gbà? Láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 5, èyí tó kù lójú náà ti lọ. Nínú 100 oògùn tí mo fowó mi rà, bóyá 1 ló wọ inú ojú dé ibi tí mo rán an, bó pọ̀ tán 5. Ìyókù gba imú wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi bi mí kó tó kọ ọ́ fún mi pé ṣé mo ní asímà, ṣé ọkàn mi ń lù dáadáa, nítorí timolol tó bá dénú ẹ̀jẹ̀ lè fún ẹni tó ní asímà ní ọ̀nà èémí pa, ó sì lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń kán oògùn fún ìyá yín, ẹ ní kó dijú lẹ́yìn rẹ̀, kó fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Ihò yẹn á dí, oògùn á dúró díẹ̀ sí i.

Lẹ́ǹsì wá ní ohun kan tí ìgò kò ní. Orí omijé fẹ́lẹ́ ló ń léfòó sí, omijé tó há sí àárín òun àti ẹyinjú kì í sì tètè ṣàn lọ. Oògùn tó bá jáde sí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì lè lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀, ojú á sì rí i mu. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbìyànjú rẹ̀ ní nǹkan bí 1970. Wọ́n rẹ lẹ́ǹsì rírọ̀ sínú oògùn pilocarpine, èyí tí wọ́n ń rí láti ara ewé igi jaborandi ti ilẹ̀ Brazil, wọ́n sì fi sójú àwọn tó ní gúlúkómà. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí lẹ́ǹsì ṣe yára mu oògùn náà ló ṣe yára pọ̀ ọ́ jáde. Wákàtí mélòó kan, ó tán. Oògùn tó yẹ kó fi oṣù kan pín, ó fi àárọ̀ kan jẹ ẹ́ tán. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ há sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ike tó ń jẹ́ kí omi wọlé tó sì ń jẹ́ kó jáde, ìwà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ni ìwà tó ń bà á jẹ́.

Àwọn kan ní kí wọ́n fi lẹ́ǹsì sílẹ̀ ná. Alejandro Zaffaroni, ọmọ ilẹ̀ Uruguay tó dá ilé iṣẹ́ Alza sílẹ̀ ní California, gbé Ocusert jáde lọ́dún 1974: awẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń tì sábẹ́ ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, tí pilocarpine wà láàárín awọ méjì, tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Àmọ́ arúgbó á sùn, awẹ́ yìí á yọ bọ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀, owó rẹ̀ sì ga ju ti ìgò lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ká a kúrò lórí àtẹ.

Ẹni tó padà sídìí lẹ́ǹsì tí orí mi wú fún ni Anuj Chauhan, nígbà tó wà ní Yunifásítì Florida. Fítámì E ló lò, èyí tí ẹ mọ̀ ní kẹ́míìsì yẹn. Wọ́n yo ó sínú ọtí líle, wọ́n rẹ lẹ́ǹsì sínú rẹ̀, nígbà tí ọtí lọ tán, fítámì E kù sínú lẹ́ǹsì ní ègé bíńtín bíńtín tí ojú lásán kò lè rí. Oògùn olómi kò lè gba inú ọ̀rá kọjá. Ó ní láti yí àwọn ègé náà ká lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jáde, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ì bá tán ní wákàtí mélòó kan fi ń gba ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n fi timolol, oògùn tèmi yìí gan-an, dán an wò lójú àwọn ajá tó ní gúlúkómà, ojú wọn sì rọ̀.

Ní Boston, Daniel Kohane àti Joseph Ciolino gba ọ̀nà tiwọn. Wọ́n mú ike kan tó máa ń yòrò nínú ara, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe òwú ìránṣọ-ara tí dókítà kì í yọ, wọ́n po latanoprost, oògùn gúlúkómà, mọ́ ọn, wọ́n sì tẹ́ ẹ bí òrùka sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì láàárín ike Wichterle. Àárín lẹ́ǹsì mọ́ gaara, kó má dí ìríran. Lọ́dún 2014 wọ́n ròyìn pé ó ń tú oògùn jáde lójú ehoro fún oṣù kan. Lọ́dún 2016 wọ́n tún ròyìn ti àwọn ọ̀bọ tó ní gúlúkómà: lẹ́ǹsì tí oògùn rẹ̀ kéré ṣe bíi ti ìkánsójú ojoojúmọ́, èyí tí oògùn rẹ̀ pọ̀ sì ṣe jù ú lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń ṣe. Nínú gbogbo làálàá orí gúlúkómà yìí, ojú yíyún ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson ronú pé àwọn tó ń wọ lẹ́ǹsì, tí eruku òdòdó sì ń mú ojú wọn yún, ìdààmú ni oògùn ìkánsójú jẹ́ fún wọn. Wọ́n fi ketotifen, oògùn tó ń mú ojú yíyún rọlẹ̀, sínú lẹ́ǹsì tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù. Tí wọ́n bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 19 péré nínú rẹ̀ ló wà nínú lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan. Ó ń tú jáde láti òwúrọ̀, yíyún á rọlẹ̀ fún bíi wákàtí 12, wọ́n á yọ ọ́ lálẹ́, wọ́n á jù ú nù. Japan fọwọ́ sí i lọ́dún 2021, Canada tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta 2022. Ẹ rí ọgbọ́n ibẹ̀? Ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní àléébù, pé oògùn ń tètè jáde nínú ike, wọ́n lọ wá àìsàn tí ìyẹn tó fún. Mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ojú yíyún kì í fọ́ni lójú. Èyí tó ń fọ́ni lójú ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá nílé níbí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, wọ́n wo ojú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè, ó lé ní 13,000 èèyàn. Nínú 100, bíi 5 ló ní gúlúkómà. Nínú àwọn tó ní in, ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó 1 nínú 10. Kò ní dùn wọ́n, ojú wọn kò ní pọ́n. Etí ìríran ló ń kọ́kọ́ jẹ, á máa jẹ bọ̀ wá sí àárín. Ẹni náà á máa kọlu ilẹ̀kùn, á ní àga ni wọ́n gbé síbi tí kò yẹ. Ohun tó bá sì ti lọ kì í padà, ì báà jẹ́ lẹ́ǹsì ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń wọ lẹ́ǹsì aláwọ̀ lọ sí òde ìyàwó, ẹ dákun, ẹ má gbọ́ ìtàn mi kí ẹ lọ máa rẹ ẹ́ sínú oògùn. Wichterle kò ṣe tiyín fún ìyẹn. Oògùn tó ń dáàbò bo inú ìgò kúrò lọ́wọ́ kòkòrò máa ń wọ inú lẹ́ǹsì rírọ̀, á jókòó síbẹ̀, á máa ta ojú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára páálí pé kí wọ́n yọ lẹ́ǹsì kí wọ́n tó kán oògùn, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó dá a padà. Omi ẹ̀rọ, omi kànga, itọ́, ọ̀kankan kò gbọdọ̀ kan lẹ́ǹsì. Ẹ má yá ara yín lò, ẹ má fi sùn.

Àlàbí, ìwọ ni mo fi sí ìparí. Gúlúkómà máa ń tẹ̀ lé ìdílé. Mo ní in, ìwọ ni àbíkẹ́yìn mi, o sì ti lé ní ogójì ọdún. Má dúró de lẹ́ǹsì Boston. Ọ̀la tí ilẹ̀ bá mọ́, gba ilé ìwòsàn ojú lọ, kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú rẹ, kí wọ́n sì yẹ iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Tí wọ́n bá fún ọ ní ìgò bíi tèmi, máa kán an.